Áktìn Kò Gbọ́dọ̀ Túká

Ẹ jókòó dáadáa, kí n sọ fún yín bí ọkùnrin kan ṣe bá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wọ̀jà, tí ọ̀rọ̀ náà sì gbé e dálẹ̀ lójú gbogbo ayé.

Abdulrasheed Àkànó lorúkọ ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí ó dá òun lóhùn kò gbọ́dọ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ ní láti sọ pé, "Ọnọrébù, Alhaji, Ọ̀gá Wa Pátápátá, Àkànó Ọkọ Apapa, Baba Ajégúnlẹ̀, Ìjì Tí Í Jà ní Coconut." Bí ẹ bá fo ẹyọ kan nínú rẹ̀, ẹ ó tún un bẹ̀rẹ̀ látòkè. Òun ni olórí Àjọ Ìtẹ̀síwájú, iléeṣẹ́ ìjọba kan tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Apapa, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti rí i pé nǹkan ń tẹ̀ síwájú ládùúgbò èbúté. Ohun tó ń tẹ̀ síwájú gan-an, ẹ má bi mí. Ikùn Àkànó nìkan ni mo fojú mi rí.

Síbẹ̀, ara Àkànó kò balẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà lórí pátákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn bí ìdin ṣe ń jẹ ẹran. Pátákó náà kò kọ "Ṣíámáànù" lásán. "Áktìn Ṣíámáànù" ló kọ. Ẹ̀yin náà kúkú mọ ohun tó ń jẹ́ áktìn: adelé ni, ẹni tí wọ́n ní kó bá wọn jókòó sórí àga kí ẹni tó ni àga tó dé. Àkànó ti ń bá wọn jókòó láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ ti wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ọmọ ọ̀hún ti ń fá irùngbọ̀n báyìí.

Kí ló wá ṣe? Ó gbin òdòdó sínú ìkòkò ńlá kan, ó gbé e síwájú pátákó kí ewé rẹ̀ lè bo "Áktìn" mọ́lẹ̀. Ó yan òṣìṣẹ́ ìjọba mẹ́ta ti òdòdó náà. Ọ̀kan ń bu omi rin ín, ọ̀kan ń tọ́ ewé rẹ̀ síbi tó yẹ, ẹnì kẹta ń lé ewúrẹ́. Lẹ́yìn èyí ló fòfin de ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wí i níwájú rẹ̀ mọ́, ì báà jẹ́ lédè kédè. Kódà ó ránṣẹ́ sí Tari, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹ̀yà Ìjọ tó ní ẹgbẹ́ eléré orí ìtàgé ní Ajégúnlẹ̀, pé àwọn eléré rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pe iṣẹ́ wọn ní áktìn mọ́.

Tari la ẹnu sílẹ̀. "Ah-ah! Oga, wetin we go come dey call am?"

"Ẹ máa pè é ní ìṣe-bí-ẹni-tó-ń-ṣe," ni Àkànó wí.

Àmọ́ ẹnu àlejò kò ṣeé dí. Nítorí ti àlejò ló ṣe gba Fidelis síṣẹ́. Fidelis yìí, ọmọkùnrin gíga kan tí ojú rẹ̀ máa ń rẹ́rìn-ín láìjẹ́ pé inú rẹ̀ dùn, ni Olùrànlọ́wọ́ Pàtàkì lórí Àtẹ́wọ́. Òun ló ń pàtẹ́wọ́ tí Àkànó bá sọ̀rọ̀, òun ló ń pàtẹ́wọ́ tí ó bá dákẹ́, tí ó bá sì sín, òun ni yóò dìde dúró kí ìyókù ọ́fíìsì tó dìde. Wọ́n wá fi iṣẹ́ kan kún un fún un: tí àlejò bá ti fẹ́ wí "áktìn," kí Fidelis wúkọ́ bò ó. Ó mọ̀ ọ́n ṣe débi pé ọ̀rọ̀ náà kì í dé etí Àkànó rárá. Ikọ́ gììrì kan báyìí ló ń gbọ́, á sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn èèyàn tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ máa ń ra oògùn ikọ́ wá fún Fidelis.

Báyìí ni wọ́n ń bá a bọ̀, títí ìròyìn fi dé láti Aláùsá níbi tí ìjọba fìkàlẹ̀ sí. Ọ̀gá Àgbà Tinú Afọlábí, ìyá tí gbogbo àjọ bẹ́ẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, ń bọ̀ wá ṣí ọjọ́ sáyẹ́ǹsì kan fáwọn ọ̀dọ́ ní Amukoko. Ó pe Àkànó lórí fóònù fúnra rẹ̀. Ó ní, "Alhaji, ọjọ́ yẹn la ó parí ọ̀rọ̀ ipò yín. Mo fẹ́ fojú ara mi rí iṣẹ́ yín kí n tó fọwọ́ sí i."

Inú Àkànó dùn débi pé ó gbàgbé láti pa fóònù. Ọ̀gá Àgbà gbọ́ gbogbo orin tó kọ lẹ́yìn náà.

Ẹni tó ni ọjọ́ sáyẹ́ǹsì náà ni Dókítà Hussainat, ọmọbìnrin tí wọ́n bí sí Amukoko, tí bàbá rẹ̀ wá láti Ìsẹ́yìn. Yunifásítì ló ti ń kọ́ni nípa ẹ̀dá alààyè, ṣùgbọ́n ó gba yàrá méjì lókè ilé búrẹ́dì kan ládùúgbò wọn, ibẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní sáyẹ́ǹsì ní òpin ọ̀sẹ̀. Àkànó ní òun gbọ́dọ̀ lọ wo ohun tó fẹ́ fi han Ọ̀gá Àgbà, kó má lọ jẹ́ ohun tí yóò ba nǹkan jẹ́. Ó kó èèyàn bí ogún lẹ́yìn, wọ́n gun òkè ilé búrẹ́dì. Fìlà aṣọ òkè tó dé lọ́jọ́ yẹn ga débi pé ó ní láti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó ráyè gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Dókítà Hussainat kúnlẹ̀ kí i, ó sì ní kó fojú sí ẹ̀rọ kan tó ń sọ kékeré di ńlá, èyí tí wọ́n ń pè ní máíkírósíkóòpù. Àkànó fojú sí i. Ó rí nǹkan kan tó rí pẹlẹbẹ, tó ń rá lọ díẹ̀díẹ̀, tí fọ́nrán wẹ́wẹ́ ń tàn yanran nínú rẹ̀.

"Kí lèyí?"

"Sẹ́ẹ̀lì ni, sà. Ẹyọ kan lára ohun tó para pọ̀ di ara wa. Ẹ ò rí i pé ó ń rìn? Àwọn fọ́nrán tó ń tàn yẹn ló ń tì í lọ síwájú."

Àkànó fẹ́ràn ohun tó bá ń lọ síwájú. "Ó dáa bẹ́ẹ̀! Kí lorúkọ fọ́nrán náà?"

"Áktìn, sà."

Fidelis wúkọ́, ṣùgbọ́n ó pẹ́ díẹ̀. Ta ló máa rò pé inú ẹ̀rọ ni ọ̀rọ̀ náà máa ti jáde?

Àkànó gbé ojú kúrò lórí ẹ̀rọ wẹ́rẹ́. "Kí lo pè é?"

"Áktìn." Fidelis tún wúkọ́. Dókítà Hussainat bu omi fún un, ó sì ń bá àlàyé rẹ̀ lọ pẹ̀lú ìdùnnú, torí pé olùkọ́ tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ kì í wojú èèyàn. "Ohun tó mú mi fẹ́ràn áktìn, sà, ni pé kì í jókòó sójú kan. Hóró kéékèèké ló so mọ́ra di fọ́nrán. Bí hóró tuntun ṣe ń so mọ́ iwájú, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ti gbó ń tú kúrò lẹ́yìn. Tí áktìn bá ti pẹ́ jù nídìí iṣẹ́, dandan ni kó túká."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ Yorùbá, ẹ bá mi dá sí i. Ta ló ń sọ "túká" níwájú àgbà? Tí a bá ń ṣàdúrà ní ilé ìsọmọlórúkọ, ní ìpàdé ẹbí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí, ṣé kì í ṣe "a ò ní túká o" la fi ń kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀? Ogún èèyàn tó wà lẹ́yìn Àkànó ta ìka yí orí lẹ́ẹ̀kan náà. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! A kọ̀ ọ́!" Ìyàwó oníbúrẹ́dì nísàlẹ̀ gbọ́, ó sì ṣe àmín láìmọ̀dí.

Òógùn bo Àkànó. "Ta ló ń tú u?"

"Ó ní àwọn èròjà kan tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa wá áktìn tó ti gbó kiri, kí wọ́n gé e, kí wọ́n tú u."

"Ṣé Aláùsá ni wọ́n wà?"

"Rárá o, sà. Inú ara."

"Inú ara wa níbí?"

"Inú ara gbogbo wa, sà."

Àkànó mi orí. "Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Mo ti mọ̀ tipẹ́."

"Ó tún ku ọ̀kan," ni Dókítà Hussainat wí. "Ó ní èyí tó ń dé áktìn ní fìlà níwájú. Tí fìlà bá ti jókòó lé e lórí, kò sí hóró tuntun tó lè so mọ́ ọn mọ́. Títẹ̀ síwájú rẹ̀ parí nìyẹn."

Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí ọwọ́ Àkànó dé orí. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó wò ó bí ẹni tó rí ejò nínú bàtà, ó sì jù ú sí Fidelis. Láti ọjọ́ náà, kò dé fìlà mọ́. Kò sì sí òṣìṣẹ́ Àjọ Ìtẹ̀síwájú tó gbọ́dọ̀ dé e. Gbogbo wọn ń gbé orí lásán kiri bí ọmọ tuntun.

Nínú ọkọ̀, Àkànó ní, "Ẹnì kan ló rán ọmọbìnrin yìí sí mi."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà," ni Fidelis wí. "Èyí tó ń tú lẹ́yìn, àwọn ọ̀tá yín ni. Èyí tó ń so níwájú, ẹ̀yin ni." Ó sì pàtẹ́wọ́ fún ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ.

Àkànó ronú títí wọ́n fi dé Apapa. Kò lè fagi lé ọjọ́ sáyẹ́ǹsì, torí pé Ọ̀gá Àgbà ń bọ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: kó tún sáyẹ́ǹsì náà ṣe. Kí Ọ̀gá Àgbà tó dé, kó ti hàn gbangba pé lábẹ́ Àkànó, áktìn kì í túká. Lọ́jọ́ kejì, kẹ̀kẹ́ kan gbé gbohùngbohùn sórí, ó ń yí kiri láti Coconut dé Amukoko.

"Ẹ̀yin ará ìlú, Ọnọrébù, Alhaji, Ọ̀gá Wa Pátápátá, kí yín! Láti òní lọ, a ti fòfin de títú! Ohunkóhun tó bá ti so pọ̀ kò gbọ́dọ̀ túká! Ẹni tó bá tú nǹkan, ìjọba á tú òun náà!"

Ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ kékeré lè dá sílẹ̀. Nkechi tó ń ṣe irun ní Ajégúnlẹ̀ ń tú irun oníbàárà kan lọ́wọ́ nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ Àjọ wọlé dé. Wọ́n ní kó dáwọ́ dúró. Obìnrin náà fi ìlàjì irun dídì àti ìlàjì irun títú lọ sí ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gbogbo obìnrin àdúgbò ń fi abẹ́rẹ́ ìkó-irun họ orí, tí irun tó yẹ kí wọ́n ti tú ti lẹ̀ mọ́ wọn lórí bí ẹní. Ìpàdé àwọn onílé bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán Àìkú, wọn kò rí i tú. Wọ́n ń jẹun níbẹ̀, wọ́n ń sùn níbẹ̀, wọ́n sì ti yan alága tuntun lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí pé kò sí nǹkan mìíràn láti ṣe.

Coconut ló wá burú jù. Ibẹ̀ làwọn mẹkáníìkì ti ń tún tírélà tó ń lọ sí èbúté ṣe, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé kò sí bí wọ́n ṣe ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe láìtú u. Tírélà tó bá kú ń kú síbẹ̀ ni. Oghenetega, ọ̀gá àwọn mẹkáníìkì, gba ọ́fíìsì Àkànó lọ pẹ̀lú òróró ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́.

"Chairman, abeg," ni ó wí. "If I no loose old engine, where I wan see part take couple new one? Na the same bolt."

"Èmi kò ní kí o má to tuntun," ni Àkànó dáhùn. "Mo ní kí o má tú ògbólógbòó."

"Na wetin I dey talk be dat, sir. Na from the old one the new one dey come."

"Fidelis, mú un jáde, kó má fi òróró kan òdòdó mi."

Dókítà Hussainat náà wá. Ó kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀, nígbà tó yá ó ń bínú, ṣùgbọ́n ó ń fi "sà" há ìbínú náà lẹ́nu. "Sà, hóró kan náà ni. Èyí tó tú lẹ́yìn ló ń yí po lọ síwájú lọ so. Tí ti ẹ̀yìn kò bá tú, ibo la ó ti rí ti iwájú? Olú olóró kan tiẹ̀ wà, sà, tí oró rẹ̀ kì í jẹ́ kí áktìn túká mọ́."

Fidelis ti wúkọ́, ṣùgbọ́n Àkànó nawọ́ dá a dúró. Ojú rẹ̀ là. "Ìyẹn gan-an la fẹ́! Ibo ni wọ́n ti ń tà á?"

"Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n bá fi sí máa ń kú, sà."

"Ṣùgbọ́n kì í túká?"

"Kì í túká, sà. Ó ń kú ni."

"Ó dáa," ni Àkànó wí. "Fidelis, lọ wá a."

Bí ọjọ́ ṣe ń súnmọ́, jíìpù Àkànó náà dákú. Mẹkáníìkì tí wọ́n pè wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó ní òun kò lè fọwọ́ kàn án, torí òfin ni òfin. Àkànó kò sì lè rú òfin ara rẹ̀. Nítorí náà, àwọn òṣìṣẹ́ Àjọ Ìtẹ̀síwájú bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ti jíìpù náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tí Àkànó jókòó sẹ́yìn, tí afẹ́fẹ́ kankan kò fẹ́ sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Àjọ náà ti nǹkan síwájú lóòótọ́.

Ọjọ́ pé. Pápá ìṣeré kan ní Amukoko ni wọ́n lò. Ọ̀gá Àgbà Tinú Afọlábí jókòó sábẹ́ ìbòòji ní apá kan pápá, pẹ̀lú àlùmọ́gàjí lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Ní apá kejì, Dókítà Hussainat to àwọn ọ̀dọ́ sórí ìlà, olúkúlùkù gbé ọwọ́ lé èjìká ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Áktìn ni wọ́n. Aṣọ funfun kan, tí ọ̀dọ́ méjì tó wà lọ́tọ̀ dì mú ní igun, wà níwájú ẹni àkọ́kọ́, ìyẹn ni ojú sẹ́ẹ̀lì. Ohun tó dùn nínú rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rìn nínú ìlà. Ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá á tú ọwọ́ rẹ̀, á sáré gba ẹ̀gbẹ́, á lọ so mọ́ iwájú, aṣọ á sì sún díẹ̀. Ẹni tó kàn lẹ́yìn á tún ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti dán an wò láàárọ̀: ẹni tó wà nínú ìlà dúró gbagidi, síbẹ̀ ìlà ń lọ. Bó bá dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Àgbà, yóò gé aṣọ náà, ayẹyẹ á bẹ̀rẹ̀. Tari ló wà nídìí gbohùngbohùn láti máa ṣàlàyé.

Ìlà ti lọ dé ìlàjì pápá nígbà tí wọ́n ti Àkànó dé. Ó sọ̀kalẹ̀ láìdé fìlà, orí rẹ̀ ń dán. Ó rí ọmọ kan tó tú ọwọ́ lẹ́yìn.

"Ìwọ! Ta ló ní kí o tú? Padà síbẹ̀!"

"Sà, iwájú ló ń lọ," ni Dókítà Hussainat wí.

"Iwájú wo? Èmi ni iwájú!" Ó ní kí wọ́n gbé àga òun wá. Wọ́n gbé e sáàárín aṣọ funfun àti ẹni àkọ́kọ́, ó jókòó lé e, ó ní kí ẹni àkọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé èjìká òun. "Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ so mọ́ iwájú mi, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tú lẹ́yìn mi. Ó yá, ẹ tẹ̀ síwájú!"

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ ti rí i kí n tó wí. Ọkùnrin tó sá fún fìlà láti ọjọ́ yìí wá ti di fìlà fúnra rẹ̀.

Ìlà kò lọ mọ́. Àkànó dìde lórí àga, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìkíni. "Ní ọjọ́ mánigbàgbé yìí, nínú ìtẹ̀síwájú tí ń tẹ̀ síwájú ìtẹ̀síwájú, èmi, tí mo jẹ́ èmi, nítorí pé kò sí ẹlòmíì tó lè jẹ́ èmi..." Fidelis pàtẹ́wọ́. Oòrùn ń pa orí Àkànó. Àwọn ọ̀dọ́ tó gbé ọwọ́ sókè bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ pé ọwọ́ ń ro àwọn. Ọ̀kan fẹ́ tọ̀. Òmíràn dákú díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kó ṣubú, torí pé ṣíṣubú náà ìtúká ni.

Ara Tari kò gbà á mọ́. Ó ti ń gbé ọ̀rọ̀ kan mì láti ọjọ́ pípẹ́, ó wá rí ààyè bì í jáde. "My people, una see am? Actin don hang! Actin no dey go again o! Áktìn ti dúró!"

Ọ̀kan nínú àwọn tó wà lórí ìlà pariwo pé, "Ẹ tú áktìn ká jàre!" Èkejì gbè é. Àwọn mẹkáníìkì Coconut tó wà létí pápá gbà á lẹ́nu wọn, àwọn obìnrin tí orí ń yún gbà á lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, gbogbo pápá ti ń hó. "Ẹ tú áktìn ká! Ẹ tú áktìn ká!"

Lábẹ́ ìbòòji, Ọ̀gá Àgbà na ọrùn. "Kí ni wọ́n ń wí?"

"Wọ́n ní kí ẹ tú Áktìn ká, mà," ni ẹni tó jókòó tì í wí.

Ìyá náà béèrè gbohùngbohùn. "Mo ti gbọ́ ohùn yín," ni ó wí. "Òtítọ́ ni mo fẹ́ sọ. Èrò mi lónìí ni pé kí n yọ Áktìn kúrò lórí orúkọ Alhaji, kó di Ṣíámáànù pátápátá. Mo ti pinnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí gbogbo ìlú bá dìde pé ká tú Áktìn ká, ta ni èmi láti kọ̀?"

Dókítà Hussainat sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, áktìn inú ara ni wọ́n ń wí!"

"Inú ara Àjọ, mo mọ̀. Níbẹ̀ ló ti ń bà jẹ́."

Àkànó gbọ́. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó ń sáré bọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lókè, Fidelis ń tẹ̀ lé e. Ohun tó fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ, òótọ́ sì ni: pé kì í ṣe òun ni wọ́n ń bá wí. "Ọ̀gá Àgbà! Èmi kọ́! Áktìn tí wọ́n ń wí yẹn..."

Fidelis wúkọ́.

"Mo ní Áktìn inú fọ́nrán ni! Áktìn..."

Fidelis wúkọ́, gììrì, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀. Bí Àkànó ṣe ń gbé ohùn sókè, bẹ́ẹ̀ ni ikọ́ ń gbé ohùn sókè.

"Fidelis, dákẹ́! Ẹ gbọ́ mi, mà! Ọ̀rọ̀ náà ni pé Áktìn..."

"Gbùhọ̀! Gbùhọ̀!"

"Ẹ fún ọmọkùnrin yẹn lómi," ni Ọ̀gá Àgbà wí. "Ẹni tó wà nínú irú àìlera bẹ́ẹ̀, tó ṣì ń tẹ̀ lé ọ̀gá rẹ̀. Irú òṣìṣẹ́ tí ìjọba ń wá nìyí. Kí lorúkọ rẹ?"

Nígbà tí wọ́n gbé àga kúrò, ìlà tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ó lọ títí ó fi kan tábìlì. Ọ̀gá Àgbà gé aṣọ, gbogbo èèyàn hó yèè, kò sì sẹ́ni tó rántí wo ọkùnrin tó dúró nínú oòrùn láìní fìlà.

Ẹsẹ̀ ni Àkànó fi rìn délé ní Ajégúnlẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ti jíìpù mọ́. Moríyọ̀ ìyàwó rẹ̀ bá a lórí ibùsùn, ó kọjú sí ògiri, ó ń sunkún. "Moríyọ̀, Ọ̀gá Àgbà ti fẹ́ ṣe é," ni ó ń wí. "Ó ti fẹ́ yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí orúkọ mi. Ká ní mo kàn dákẹ́ ni." Moríyọ̀ wá fìlà rẹ̀ kan jáde nínú àpótí, ó fi dé e lórí bó ṣe dùbúlẹ̀.

Ní Coconut, wọ́n tú ẹ́ńjìnnì títí ilẹ̀ fi ṣú. Nkechi kò rí ibi jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀. Ìpàdé àwọn onílé tú, àwọn ọmọ wọn kò kọ́kọ́ dá wọn mọ̀.

Nígbà tí ọjọ́ sáyẹ́ǹsì mìíràn tún ń bọ̀, Dókítà Hussainat gba Apapa lọ láti pe Àjọ Ìtẹ̀síwájú. Pátákó wà níbi tó wà. Òdòdó inú ìkòkò ti ga sí i, wọ́n sì ti yan ẹnì kẹrin tì í, ẹni tó ń lé kòkòrò. Orúkọ tó wà lábẹ́ oyè nìkan ló yí padà. Fidelis ló wà lórí àga. Ẹ kò gbọ́dọ̀ pe òun náà ní Fidelis lásán mọ́. Ó ní Ìràwọ̀ Tí Í Tàn ní Tin Can nínú, ẹ ó sì tún un bẹ̀rẹ̀ tí ẹ bá fò ó.

"Kí lẹ fẹ́ fi hàn wá lọ́dún yìí, Dókítà?" ni Fidelis béèrè.

"Ti èṣí náà ni, sà. Áktìn."

Kí ọ̀rọ̀ náà tó dé orí tábìlì, ẹnì kan ti wúkọ́ bò ó láti igun yàrá. Ikọ́ náà rinlẹ̀, ó sì dé lásìkò ju ti ẹni tó ń wúkọ́ tẹ́lẹ̀ lọ. Dókítà Hussainat yíjú pa dà. Ọkùnrin olórí pípá kan ló jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì tó ti là sílẹ̀ de àtẹ́wọ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Alhaji," ni Dókítà Hussainat wí. "Ṣé kí n bu omi fún yín?"

Àkànó wo Fidelis ná kí ó tó gbà á.